Orí Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Mi

Ó tún yẹ orí. Mo rí i. Mo kàn fi ìrù òòyà kan ẹ̀yìn etí òsì ẹ̀ ni, orí sì yẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ó dùn ún ni? Mi ò tíì fà á. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan rárá… Àbí ó mọ ibi tí mò ń lọ? Ó mọ̀. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Orí ẹ̀ ni.

Kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ — pé oòrùn mú, pé wọ́n ti kun ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, pé iṣẹ́ tuntun òun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Èmi náà ń dáhùn, ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n. Mo di apá ọ̀tún tán, mo bọ́ sí apá òsì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìpàkọ́ ni èmi ń wò ní tèmi. Orí tìmùtìmù ló jókòó sí nílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, dígí ara ògiri sì ga jù fún un. Ojú tèmi nìkan ló wà nínú dígí, ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Àǹtí Gbọọrọ ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé irun tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, bó le bí òkúta, gbọọrọ ló máa bá jáde. Ọdún méjìlélógún nìyẹn. Àǹtí Gbọọrọ náà rèé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo pa gbogbo ẹ̀rọ, tí ẹ̀rù ń bà mí láti di irun ọmọ tí mo bí.

Fọ́n omi sí i. Díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Irun yìí…

Ọlọ́run mi, irun yìí. Omi kàn án báyìí, ó kóra jọ sábẹ́ ìka mi, ó ń ká, ó ń lọ́ mọ́ra, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Mo mú ẹyọ kan, mo fà á jẹ́jẹ́. Ó nà, ó nà, ó kọjá etí, ó kọjá ọrùn, ó bà lé èjìká. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀, kíá, ó ti padà sílé. Ta ló sọ pé kò gùn? Èmi ni. Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn: "Irun yín ò gùn, ẹ jẹ́ ká nà á." Ó gùn. Kò kàn fẹ́ sọ bó ṣe gùn tó fún gbogbo ayé ni.

Kì í tilẹ̀ ṣe dúdú kan ṣoṣo. Ní ìdí, dúdú kirikiri. Lókè, níbi tí oòrùn ti ń bá a ṣeré, ó pọ́n díẹ̀. Ó sì nípọn. Ìka mi wọnú ẹ̀, mi ò rí ìka mi mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì fọwọ́ kan irú irun báyìí rí… Irọ́ ni. Mo ti fọwọ́ kàn án. Òun kan náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, bó ṣe nípọn náà nìyí, èmi ni mo wò ó tí mo pè é ní wàhálà.

Mi ò fẹ́ rántí. Là á, obìnrin yìí. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ. Láti ṣóńṣó wá sí ìdí — kì í ṣe láti ìdí. Láti ṣóńṣó.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo jí i kọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, ló ń di irun ọmọ mi láti ìgbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, èmi onídìrí á jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò, màá ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Irọ́ ni, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò. Omi ná. Lẹ́yìn náà, ìpara. Ìka kí òòyà tó dé. Ẹni tí aṣọ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí irun jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ ń yọ́ ọ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ayé mà le o.

Oríkèé ń ro ẹ̀gbọ́n mi báyìí, kò lè dirun mọ́. Ṣé torí ẹ̀ náà ló fi pè mí? Ohun tí mo ti ń bi ara mi láti àárọ̀ nìyẹn. "Màmi, ṣé ẹ ráyè lọ́sàn-án? Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dirun." Lórí fóònù. Èmi sì dáhùn bí òmùgọ̀: "Irun ta ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Irun mi ni o. Àbí ti ta ni?"

Ṣùgbọ́n onídìrí mẹ́ta míì ló wà lójú títì yìí nìkan. Ọmọbìnrin tó wà ní ìgun ọ̀nà yẹn, irun tí wọn ò nà ló ń ṣe, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ síbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, kí n má purọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Bóyá ibẹ̀ ti kún. Bóyá torí pé ọ̀la ti dé tán. Bóyá àánú mi ló ṣe é… Mi ò fẹ́ àánú. Hẹn. Irọ́ nìyẹn náà. Bó bá jẹ́ àánú ló gbé e wá, kí àánú máa gbé e bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Orí ẹ̀ ti wá lọ tán sára ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ó ń sá fún mi ni. Ó wúwo.

Ọ̀la ló máa kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì. Olùkọ́. Òun kọ́ ló sọ èyí fún mi o, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́: pé ọjọ́ tí wọ́n pè é wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ọ̀gá ilé ìwé náà wo orí ẹ̀ títí, ó ní, "Ṣé wàá wá nǹkan ṣe sí irun yẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?" Ọmọ mi ní, "Mo ti ṣe nǹkan sí i, mà. Wákàtí mẹ́ta ló gbà mí." Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín, ló bá gbà á síṣẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún. Kì í ṣe ìbànújẹ́… àbí kí ni? Torí pé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láyé mi. Èmi, tí wọ́n bá ti wo orí mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti ń wá síkáàfù. Mo ṣì wé e báyìí. Abẹ́ ẹ̀ ti ṣí gbagada láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bátí, torí ara mi ni mo ti kọ́kọ́ ń dán gbogbo ìpara ìnarun wò. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Tèmi gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ tán.

Òun ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ń bọ̀ ní títì, irun ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ ní ìgun kí ojú ẹ̀ tó yọ. Àwọn èèyàn ń wò ó. Kì í rin kánkán, kì í tẹrí ba. Inú mi á dùn bí ẹni pé kí n pariwo pé èmi ni mo bí i — inú kan náà á wá bà jẹ́, torí mi ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ibi tí mo ní ọwọ́ sí nínú irun yẹn ò ju ibì kan lọ. Ẹ̀yìn etí òsì.

Ó dáa. Mo rántí.

"Màmi, ó ń ta mí."

Ọjọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí Gbọọrọ, ọmọ tiyín ló wá gbé igbó sórí?" Mo bá gbé ìpara tí a fi ń na irun àgbàlagbà, mo kùn ún sí orí ọmọdé. "Màmi, ó ń ta mí." Ohun tí mo sọ fún un ni ohun tí gbogbo àwa onídìrí ń sọ fún oníbàárà, tí ọ̀gá mi sọ fún mi, tí ọ̀gá tiẹ̀ náà sọ fún un: "Tó bá ti ń ta ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Fara dà á." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jágbe mọ́ ọn. Ó dákẹ́. Mo wá ń mú irun ẹlòmíì gbẹ, inú mi ń dùn pé ọmọ mi ní ìfaradà… Nígbà tí mo máa fomi ṣan án, awọ bá omi lọ.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dákẹ́, àyà mi á já.

Kò bú mi rí. Kò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó kàn jẹ́ pé tí ọwọ́ mi bá ti forí lé orí ẹ̀, á yẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kódà nígbà tí ibà ń ṣe é, tí mo kàn fẹ́ mọ̀ bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tó. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé o. Ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ibí nìyí.

Mo rò pé irun ti hù bò ó. Kò hù. Ó tó ojú àtàǹpàkò, ó ń dán, kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀. Àwọn tó yí i ká ni wọ́n pọ̀, wọ́n le dáadáa, wọ́n tẹ̀ wá sórí ẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì, wọ́n bò ó. Òun ló kọ́ wọn. Láràárọ̀, níwájú dígí, kí n tó mọ̀ ọ́n ní olùkọ́ rárá, ó ti ń kọ́ irun bí wọ́n ṣe ń bo ara wọn láṣìírí. Irú ọmọ wo ni mo bí yìí?

Màá dì í gba ìsàlẹ̀. Kò ní fà á. Màá — ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀. Ó gbóná díẹ̀, bí ara èèyàn ṣe ń gbóná. Má bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé ẹnu mi. Mi ò sọ ọ́ rí, láti gbogbo ọdún yìí wá. Mo ra bàtà, mo ra fóònù, mo sanwó ilé ìwé, mo ṣe gbogbo ẹ̀ kí n má baà sọ ọ́.

Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Sọ pé ó ń ta ọ́. Tó o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lónìí, màá gbọ́, màá sọ òòyà sílẹ̀, màá dìde. Má kàn dákẹ́ báyìí. Má dákẹ́ mọ́ mi…

Kò dáhùn. Mi ò kúkú tíì sọ ọ́ síta.

Mo tẹ̀ síwájú. Mo na ọrùn láti wo ojú ẹ̀.

Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Itọ́ ti dà sórí aṣọ mi.

Ó ti sùn.

Ó — láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí orí ti ń yẹ̀ yẹn? Kì í ṣe pé ó ń sá. Oorun ló ń gbé e. Ìrù òòyà wà ní ẹ̀gbẹ́ àpá yẹn, ìka mi wà lórí ẹ̀ gan-an, ọmọ mi sì ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan láyé. Ẹni tí ọwọ́ èèyàn bá ń bà lẹ́rù, kì í sùn sí i lábẹ́. Mi ò mọ ọjọ́ tó dárí jì mí. Kò pe ẹnikẹ́ni sí i. Ó lè ti pẹ́. Ó lè jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ṣì jókòó sínú ọjọ́ Sátidé yẹn, tí òun ti jáde tipẹ́.

Màá sọ ọ́ fún un tó bá jí. Ó yẹ kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti kú. Kó kú. Mo gbé òòyà sílẹ̀, mò ń fi ìka lásán dì í lọ, díẹ̀díẹ̀, kó má baà jí.