DJ Tí Kì Í Ṣe Ọkùnrin

Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: ta ló ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ ṣe DJ? Tí ẹ bá rí ẹni náà, ẹ ní èmi Hadiyyah, ọmọ ilé kéwú ní Ọjà-Ọba, ni mo ní kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú mi.

Ohun tó bí mi nínú nìyí. Ní Ìlọrin tiwa, bí wọ́n bá ti so yìgì tán, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọkùnrin ń jókòó, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Ìyẹn dáa. Obìnrin á pa ilẹ̀kùn dé, á ṣí híjáàbù, á fi irun tó fi odidi ọjọ́ dì han ọ̀rẹ́, á jó bó ṣe wù ú. Àmọ́ ta ni wọ́n máa ń gbé sí igun gbọ̀ngàn kó máa fi orin sí? Ọkùnrin! Ọkùnrin pọ́nńbélé, pẹ̀lú dígí dúdú lójú. Nítorí ẹnì kan ṣoṣo yẹn, gbogbo wa á wé híjáàbù mọ́ ọrùn nínú ooru, a ó máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ìyàwó tuntun gan-an ò ní lè jó níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó Sakinah, ọmọ àbúrò bàbá mi, kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ní tiẹ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá fi orin sí i. Mo kó ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán, mo kọrí sí Ọ̀fà Garage, sí ṣọ́ọ̀bù Muhammad Awwal tó ń ta ohun èlò orin.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àǹtí, ṣé àbúrò yín ọkùnrin lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ara mi ni mo fẹ́ rà á fún."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó fẹ̀ bí àtẹ, tí bọ́tìnnì bò ó pátápátá. Ó ní èyí làwọn ọ̀gá DJ ń lò.

"Ṣé mo jọ ọ̀gá lójú ẹ ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Gbé e padà. Èyí tó gba orin méjì tó mi: ọ̀kan ń lọ, ìkejì ń múra."

Ó gbé kékeré kan jáde, ó ń dán yinrinyinrin. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. "Ihò hẹ́ẹ̀dífóònù dà?"

"Ẹ kàn máa kì í bọ láptọ́ọ̀pù ni."

"Háà! Ihò kan ṣoṣo tó wà lára láptọ́ọ̀pù, spíkà ni yóò gbà á. Níbo ni màá ti gbọ́ orin tó ń bọ̀ kí èrò tó gbọ́ ọ? Àbí kí n máa lá a lálàá?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín dá lẹ́nu ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó fa ìkẹta jáde: abọ́ méjì tí wọ́n fi ń yí orin wà lórí rẹ̀, ihò hẹ́ẹ̀dífóònù wà níwájú, ihò spíkà wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí àti spíkà méjì ni mo gbé lọ sílé wa ní Adéwọlé.

Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo gbé sórí láptọ́ọ̀pù mi, torí ọ̀fẹ́ náà tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi wáyà so wọ́n pọ̀ mọ́ spíkà, iná tàn lára ẹ̀rọ, orin sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnu láptọ́ọ̀pù ló ti ń jáde, bíńtín bíńtín! Spíkà ò fọhùn. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, pàbó. Nígbà tí inú bí mi tán, mo wọ inú sẹ́tíǹsì láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, mo pàṣẹ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ dún nínú rẹ̀, kékeré ni o, ńlá ni o, inú ẹ̀rọ yìí ni kó gbà jáde. Spíkà bú gbàù. Mọ́mì mi sáré jáde ní kíṣìnì pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Orin tí mo máa lò, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Èmi ò ní gbára lé nẹ́tíwọọ̀kì lọ́jọ́ ayẹyẹ, mi ò ya wèrè.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí Bàbá Àáfà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ọjà-Ọba. Ó wá bá wa nílé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ọmọ ilé kéwú ló fẹ́ máa gbé orin kiri? Lá ìláà! Ojú wo la ó fi wo ìlú?"

Mo kúnlẹ̀, àmọ́ ẹnu mi ò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, èwo ló kù díẹ̀ káàtó jù: kí obìnrin fi orin sí fún obìnrin, àbí kí ọkùnrin jókòó sáàárín ìyàwó yín àtọmọ yín?"

"Má bá mi jiyàn!" Ó kọjú sí bàbá mi. "Bí mo bá fi ojú kan ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ náà, gbígbà ni màá gbà á, màá dá a padà fún ẹni tó tà á. Ó parí."

Bàbá mi wolẹ̀. Kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ẹ̀rọ yẹn lọ, ó tán nìyẹn. Mi ò ní lágbára láti ra òmíràn, ọkùnrin onídígí dúdú á sì padà sí igun rẹ̀. Ṣé ẹ̀rù bà mí? Ó bà mí gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo lọ.

Ìyá Hidayat, ìyàwó Bàbá Àáfà, ló pa ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn dé lọ́jọ́ náà. Ó wo igun mi, ó ń wá ọkùnrin.

"Hadiyyah, ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá."

Ó fa híjáàbù rẹ̀ bọ́. Ṣùkú wà lórí rẹ̀, ó rẹwà, mi ò rí i rí láyé mi. Ni àwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tiwọn. Mo gbé wákà sí i, Sakinah bọ́ sójú agbo, ó jó títí omijé ayọ̀ fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń fò lẹ́yìn tábìlì.

Àfi gbàgà lára ilẹ̀kùn. "Hadiyyah! Pa á!" Bàbá Àáfà ni.

Mo fa máìkì. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn obìnrin ò borí níbí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pa á, ẹ wọlé wá pa á."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lára ilẹ̀kùn yẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọ́ wa láti kékeré pé ọkùnrin kì í yọjú síbi tí obìnrin ò ti borí, ṣé òun ló máa wá ṣí i wọlé?

"Màá dúró dè ẹ́! O ṣì máa jáde!"

Bó ṣe ń jágbe bẹ́ẹ̀ ni spíkà mi méjèèjì ké: "Allahu Akbar!" Yéè! Áàpù ìpè ìrun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ni, mo gbàgbé láti pa á. Èmi náà ni mo ṣáà ní kí gbogbo ohùn gba inú ẹ̀rọ jáde. Ìpè Alásárì gba gbogbo àdúgbò kan. Ojú tì mí, mo fa orin wálẹ̀ kíá.

Ìyá Hidayat pariwo, "Má fọwọ́ kan ìpè o! Jẹ́ kó pé!"

Lóde, ohùn Bàbá Àáfà dá wáí. Àáfà wo ló máa jágbe lé ìpè ìrun? A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sí mọ́sáláṣí. Àwa náà ṣe àlùwàlá, a wé híjáàbù, a tò, a kírun. Lẹ́yìn sálámà, Ìyá Hidayat tún bọ́ híjáàbù rẹ̀. Ó ní, "Orin dà?" Mo fi orin dá a lóhùn dáadáa.

Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, Bàbá Àáfà ló dúró sójú ọ̀nà, ó ti nawọ́. "Gbé e wá."

Mo di ẹ̀rọ náà mọ́ àyà. "Bàbá, mi ò ní gbé e sílẹ̀. Ẹ máa já a gbà lọ́wọ́ mi ni, lójú gbogbo èèyàn."

Ìyá Hidayat bọ́ sáàárín wa. Kò pariwo. "Bàbá Hidayat, ìgbéyàwó Hidayat ọmọ yín ló kàn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, òní ni mo kọ́kọ́ jó láì bora mọ́lẹ̀ nítorí ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Ó dáa, ẹ gba ẹ̀rọ náà. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ọkùnrin wo lẹ fẹ́ mú wá jókòó sáàárín èmi àti Hidayat?"

Bàbá Àáfà wò mí. "Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀?"

"Ẹyọ ẹnì kan ò sí, Bàbá."

Ó fa ọwọ́ tó nà sẹ́yìn. Ó kàn yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ mi láyà mi. Mi ò yọ́ ẹsẹ̀ rìn, mi ò sì dúpẹ́. Ẹni tó yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ọlọ́nà, ọpẹ́ wo ló fẹ́ gbà?