Ọ̀sẹ̀ Méjì Lọ́dọ̀ Ọmọ Mi

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó gọ̀ jù láàárín àwa tí ìjọba gbà síṣẹ́ pé ká máa ka agbo ilé ní àwọn àdúgbò tuntun ẹ̀yìn ìlú, ẹ má rìn jìnnà, èmi nìyí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, báírò àti fìlà, mo bá rò pé mo ti dọ̀gá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni olórí ilé. N kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ẹni tó ṣílẹ̀kùn dáhùn tí n ó fi ní, "Bàbá dà?" Ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́rin ní òun ni olórí ilé. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá dà? Ó ní kí n lọ béèrè ní itẹ́ òkú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jọ kọ́lé, obìnrin làwọn méjèèjì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ajá sí mi. Ọkùnrin kan wà tó ń dá gbé, mo ń kí i ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ ṣáá. Ó ní, "Bàbá, ara mi le o!"

Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, màá máa rojọ́ fún ọmọ mi pé ayé ti bàjẹ́, ilé gidi ti tán.

Nọ́ọ̀sì lọmọ mi. Ká sòótọ́, òun àti ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, àti ọmọ méjì ti télọ̀, ló ń gbé ilé tí mo wọ̀ sí. Kò sí ọkọ níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ni mo ní mo fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́jọ rèé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ pé mò ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ka ilé ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n rán sí wa láàárọ̀ Sátidé. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Ó béèrè olórí ilé, ẹnu mi sì yá.

"Èmi ni."

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa, àlejò ni mí."

"Tó bá jẹ́ àlejò ni yín, ilé yín la máa kà yín mọ́," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Àmọ́ àná ni mo débẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kò séèyàn níbẹ̀ mọ́, mo sì ti kọ ọ́ pé ilé òfìfo ni. A jẹ́ pé ẹ ò sí níbì kankan nìyẹn, Bàbá."

Yéè! Èmi tí mo ti ka ọgọ́rùn-ún ilé! Kò ṣeé fi ṣẹ̀rín fún mi.

"Kọ mí síbí," ni mo wí. "Bí onílé bá gbà."

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbá mi, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sọ pé ẹ̀ ń lọ, mo máa ń rò pé torí pé kò sí ọkọ nílé mi ni. Mo rò pé ojú ń tì yín láti bá mi gbé."

Mo sún mọ́ ọn.

"Má bínú, ọmọ mi," ni mo wí. "Ẹ̀rù àtidá gbé inú ilé mi yẹn láìsí ìyá rẹ ló ń bà mí. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n lọ."