Nọ́ńbà Kìíní: Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Gunnvor fa ìwé ètò ìpàdé náà ya sí méjì, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì mú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárọ̀ yìí. Láti ojú fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó máa ń kó èèyàn lọ sí erékùṣù Hestøya. Ó ń mì jẹ́jẹ́ létí èbúté, yìnyín sì ti bo okùn tí wọ́n fi so ó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbọ́ bóyá ilé-iṣẹ́ wọn lè máa tukọ̀ lálẹ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Bí ilé-iṣẹ́ náà ò bá rí èsì fọ̀, ìjọba á gbé ọ̀nà omi náà fún ẹlòmíì, oníkálukú wọn á sì wábi gbà. Ìpàdé méjì ni Gunnvor ti pè lórí ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tó ti di ọ̀gá. Méjèèjì ló forí ṣánpọ́n. Ó to nǹkan rẹpẹtẹ sórí ìwé, ó fi àwọn kéékèèké ṣáájú kí ara lè yá. Wọ́n wá fi gbogbo àkókò jiyàn lórí ẹ̀rọ kọfí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Èyí tó tiẹ̀ ń dùn ún jù ni yàrá tí wọ́n ń kó kóòtù kọ́ sí. Ní gbogbo etíkun Norway níbẹ̀, "Ọ̀rọ̀ mìíràn" ló máa ń gbẹ̀yìn ìpàdé. Bí Gunnvor bá ti kà á, "Kò sí" ni wọ́n máa ń dáhùn, wọ́n á sì ti máa dìde. Àmọ́ bí wọ́n bá dé ìdí kóòtù, tí wọ́n ń wọ bàtà, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ gidi máa ń jáde, ní méjì-méjì, ní wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá yọjú sí wọn, wọ́n á ní, "Yìnyín mà pọ̀ lónìí o."

Ó mú bírò. Ó kọ ọ́ pé: Nọ́ńbà kìíní, Ọ̀rọ̀ mìíràn. Nọ́ńbà kejì, Ta ni yóò máa tukọ̀ lálẹ́? Kò sí nọ́ńbà kẹta. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Eldrid tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ gbé wáfù, àkàrà òyìnbó gbígbóná, àti jáàmù wọ yàrá ìpàdé. Ó yọjú wo ìwé náà.

"Ọ̀gá, ṣé bírò yín ló gbẹ ni?"

"Rárá. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tún lọ parí sídìí kóòtù ni."

"Yéè!" Eldrid bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ti bà wá."

Asbjørn, àgbà atukọ̀ tó ti wà lórí omi kí wọ́n tó bí Gunnvor, jókòó sídìí fèrèsé. Òun ló ń tako ìtukọ̀ alẹ́ jù. Ó ní epo ti wọ́n, ó ní ọkọ̀ ti gbó. Synne, igbákejì rẹ̀, jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ife kọfí.

Gunnvor ka nọ́ńbà kìíní. "A ò kánjú," ó fi kún un. "Kò sí nǹkan míì tó ń dúró dè wá."

Wọn kì í bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ti òní yìí pọ̀. Eldrid mú wáfù kan, ó dá a padà. Gunnvor fi ọwọ́ kan di ìkejì mú lábẹ́ tábìlì, kó má baà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"Mi ò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́."

Asbjørn ló sọ̀rọ̀. Kò wojú ẹnì kankan.

"Iná èbúté Hestøya, mẹ́ta ni mo máa ń rí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ gidi nínú wọn. Ọ̀rọ̀ epo tí mò ń sọ, irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí."

Orí Gunnvor wú. Ó wo bébà pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo ọkùnrin gìrìwò tí kì í sọ ju "Kò sí" lọ.

"Bàbá, mo ti mọ̀," ni Synne wí. "Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa ń ní kí n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, pé ẹ fẹ́ mu kọfí."

"O mọ̀, o ò sọ?" Asbjørn bi í.

"Níbo ni kí n ti sọ ọ́? Ìdí kóòtù la ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà sì máa ń wà níbẹ̀!"

Asbjørn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá nu ojú.

Nọ́ńbà kejì kò pẹ́ rárá. Synne ní ìwé àṣẹ atukọ̀. Òun ni yóò máa tukọ̀ lálẹ́. Asbjørn ní gbogbo àpáta abẹ́ omi wà nínú orí òun, òun á jókòó tì í títí tí yóò fi mọ̀ wọ́n.

"Ọkọ̀ ọ̀sán ńkọ́?" Gunnvor bi í. "Ẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Asbjørn kò pè é ní ọ̀gá rí.

Gunnvor fi fóònù sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé àwọn lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ló rọra rìn lọ sí ìdí kóòtù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń so okùn bàtà. Asbjørn di kóòtù Synne mú fún un kó lè wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan.

Eldrid gbójú sókè, ó rí i.

"Yìnyín mà pọ̀ lónìí o," ó ní.

Gunnvor wo ìta. Lóòótọ́, yìnyín pọ̀.