Ọ̀sán Tí Òṣùpá Bo Oòrùn

Oníràwọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó mọ ojú ọ̀run ju àwọn tó kù lọ, ẹnu rẹ̀ ni kì í kúrò lára ìràwọ̀ àti òṣùpá. Iṣẹ́ ẹ́síréè ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Òun ló ń to àwọn aláìsàn síwájú ẹ̀rọ, tí yóò ní kí wọ́n fa èémí sínú kí wọ́n má sì mira, kí ó tó lọ sẹ́yìn ògiri lọ tẹ bọ́tìnnì. Tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ojú ọ̀run ló tún kù tí yóò máa yà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ya egungun gbogbo ènìyàn tán, egungun òṣùpá ló ń wá kiri báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni kì í bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aránṣọ ni. Oníràwọ̀ kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan tọ́ ọ dàgbà nínú yàrá kan ṣoṣo. Títí di òní, òun ló ń rán gbogbo ohun tí aṣọ lè ṣe fún awò-awọ̀nàjíjìn àbúrò rẹ̀: aṣọ dúdú tí Oníràwọ̀ ń fi bo orí kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má bàa pa ojú kámẹ́rà rẹ́ mọ́ ọn lójú, àti àpò tí ó fi òwú tẹ́ nínú múlọ́múlọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀rọ náà sí.

"Ẹrù rẹ yìí," ó máa ń wí, "ìgbádùn rẹ̀ ju ti ọmọ tuntun lọ."

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ìròyìn jáde pé òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá lọ́sàn-án gangan, yóò sì bo èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ara Oníràwọ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó wá asẹ́ ìmọ́lẹ̀, awẹ́ pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi dígí, tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu awò-awọ̀nàjíjìn kí oòrùn má bàa jó kámẹ́rà tàbí kó fọ́ ènìyàn lójú. Bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, yóò gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí kò sí igi, yóò sì máa fi oòrùn dánra wò. Yóò ya àwòrán lọ́pọ̀ yanturu, yóò wá fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n lé ara wọn, kí ibi tí afẹ́fẹ́ mì nínú ọ̀kan lè parẹ́ nínú èkejì.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n rí àmì dúdú kékeré kan lára oòrùn nínú àwòrán.

"Kí nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. Ó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó, òwú ṣì wà ní ejìká rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ ti oòrùn fúnra rẹ̀. Òun náà máa ń ní àmì lára. Ó sì lè jẹ́ eruku nínú kámẹ́rà."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀?"

"Màá sún awò-awọ̀nàjíjìn díẹ̀. Oòrùn á kúrò láàárín àwòrán, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí àmì yẹn bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, eruku ni. Tó bá bá oòrùn lọ, ti oòrùn ni."

Ó sún un. Oòrùn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì dúdú náà kò kúrò níbi tó wà.

"Eruku," ni Oníràwọ̀ wí, ojú sì tì í díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àtàárọ̀ lo ti ń fi eruku yan fanda." Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ikọ́ náà kò sì tètè lọ. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó tẹrí ba, ó ń wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìgbà wo nìyí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Eruku aṣọ ni. Ẹni tó ń gé aṣọ látàárọ̀ dalẹ́, kí lo fẹ́ kó máa fà símú?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọjọ́ kan wá àwáwí yìí, ó fi òmíràn wá tọ̀hún, oníbàárà fẹ́ gba aṣọ, òjò fẹ́ rọ̀, kó tó wá gbà láti tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ya ẹ́síréè. Bó ṣe jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ gan-an ló yà á nìyẹn.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?" ló bi í, nígbà tó dúró síwájú ẹ̀rọ nínú aṣọ ilé ìwòsàn tí kò bá a mu rárá. "Ta ló rán ìranù yìí? O ò rí i bí apá rẹ̀ ṣe wọ́."

"Ẹ fa èémí sínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má mira."

Nígbà tí àwòrán náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, Oníràwọ̀ rí ohun roboto funfun kan nínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tó yẹ kó dúdú. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ara aṣọ. Bóyá bọ́tìnnì ni. Ó jáde, ó yẹ aṣọ náà wò, kò sí bọ́tìnnì níbẹ̀. Ó nu ojú ẹ̀rọ. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n sún sápá òsì díẹ̀, ó tún un yà. Roboto náà sún pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀rọ. Ó wà níbẹ̀. Ó mú un lọ sí yàrá kejì tí ẹ̀rọ mìíràn wà, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé kò yẹ kí òun máa ya ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀, pé bí ọ̀gá bá wọlé, àlàyé kò ní sí lẹ́nu òun. Ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ò ń yà mí bí ẹni ń ya ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe wàhálà."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó wọ aṣọ rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé dókítà nìkan ló gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú àwòrán fún aláìsàn. Oníràwọ̀ gbé àwòrán náà tọ dókítà lọ fúnra rẹ̀, ó dúró ti tábìlì rẹ̀, kò fẹ́ lọ.

"A máa fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ níbẹ̀, ká fi ṣàyẹ̀wò," ni dókítà wí.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Kò sí èyí tó kù fún ẹ láti ṣe. O ti ya àwòrán."

Wọ́n gba ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n máa retí èsì. Kí èsì tó dé, ọjọ́ oòrùn pé.

Ẹ̀gbọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Ó gbé àpótí méjì sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí ọ̀kan. Oníràwọ̀ to awò-awọ̀nàjíjìn jọ, ó de asẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, ìkùukùu ti ń wọ́ bọ̀. Nígbà tó yẹ kí òṣùpá fi ẹnu kan oòrùn, gbogbo òkè ti funfun bí ẹ̀yìn àwo.

Ó mú kí ojú kámẹ́rà máa ṣí pẹ́ sí i. Pẹ̀lú asẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, òkùnkùn ló yà. Ó tún mú un pẹ́ sí i, ó tún ya òkùnkùn. Ó dìde, ó wo apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ó tún jókòó, ó tún dìde.

"Ṣé ohun kan wà tó o lè ṣe sí i?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kò sí."

"Jókòó, jàre. Ò ń kó àárẹ̀ bá mi."

Ó jókòó. Ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lára ògiri, bíi pé ẹnìkan ń yí fìtílà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹyẹ orí òrùlé dákẹ́.

"Lọ́jọ́ tó o yà mí," ni ẹ̀gbọ́n wí láì wò ó, "o sún mi lọ, o sún mi bọ̀. Mo rántí ohun tó o sọ fún mi nípa eruku."

Oníràwọ̀ kò lè gbójú sókè.

"Ṣé ó dúró, àbí ó bá mi lọ?"

Ó rántí òfin iṣẹ́. Ó rántí dókítà. Ó rí i pé òun ti pẹ́ jù kí òun tó dáhùn, àti pé pípẹ́ náà ti dáhùn fún òun.

"Ó bá yín lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mirí díẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ ara. Atẹ́gùn tútù díẹ̀ fẹ́ kọjá, ojú ọjọ́ dàbí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀, wọn kò rí oòrùn, wọn kò rí òṣùpá. Nígbà tó ṣe, ìmọ́lẹ̀ padà sára ògiri. Àwọn ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Kó ẹrù rẹ wọlé kí òjò tó dé."

Èsì jáde: jẹjẹrẹ ni, ó sì ti rìn kúrò níbi tí ọ̀bẹ lè bá a. Oògùn mú un rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà oògùn kò rí i mú mọ́. Oníràwọ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ẹlòmíràn máa ya ẹ̀gbọ́n òun. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yà á, òun a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, bíi gbogbo àwọn ẹbí tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ní kí wọ́n súnra kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Aṣọ àwọn oníbàárà kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lè jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ́, ó wá di pé ó ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ṣọ́ọ̀bù, àbúrò rẹ̀ jókòó ti abẹ́rẹ́, òun ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó fún un ní ẹ̀wù kan kó gán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Oníràwọ̀ gán an, ó gé òwú, ó gbé e sókè kí ẹ̀gbọ́n rí i.

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

"Ẹ̀gbẹ́ òdì lo gán an sí," ló wí. "Tú u."

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.