Ilé Tí A Kì Í Júwe

Èmi ni mo ń se oúnjẹ nílé tí wọ́n ń gba àwọn obìnrin tí ọkọ wọn fẹ́ lù pa sí. A kì í júwe ilé náà fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá ń lọ síbi iṣẹ́, a ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tààrà. A ó kọ́kọ́ wọ ilé ìtajà ńlá kan, a ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, a ó tún yí po kí a tó kan ilẹ̀kùn. A máa ń fira wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ náà ti sọ wá di olè.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó àbúrò mi sá wọlé, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Bó ṣe rí mi nídìí sítóòfù, jìnnìjìnnì bò ó. Ó di aṣọ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

"Fọkàn balẹ̀. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé."

Àbúrò mi wá ká mi mọ́lé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò kí mi. Ó mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ibi tí mo ti ń ṣe é ni kò mọ̀.

"Ibo lẹ gbé ìyàwó mi pamọ́ sí?"

"Mi ò mọ̀."

Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà gbá mi lẹ́nu. Mo tutọ́, eyín bá a jáde. Ó gbá orí mi mọ́ ògiri, ó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ó tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ títí ìka kan fi dún páú. Mo pa ẹnu dé lórí eyín tó kù. Inú ń bí mi débi pé mi ò ráyè sunkún. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní òun á rí i, òun á sì pa á. Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi síta. Mo sáré lọ kìlọ̀ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí mi lójú, mi ò rántí ilé ìtajà kankan, ọ̀nà tààrà ni mo gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìdáná ni ilẹ̀kùn fọ́ lẹ́yìn mi. Ó ti ń tẹ̀ lé mi bọ̀.

Ó ki ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fún un lọ́rùn. Omi ń hó lórí iná. Mo gbé ìkòkò náà tòun tìka tó ṣẹ́, mo da gbogbo omi náà sí i lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wá fi ìkòkò òfìfo gbá a lórí títí ó fi dákú. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí ọlọ́pàá gbé e lọ sọ́sibítù tán, ọ̀gá wa pè mí.

"Màmá, àbúrò yín ni, ẹ ò dẹ̀ sọ fún wa. Ẹ ti tú àṣírí ilé. Iṣẹ́ yín ti parí."

"Mà, ẹ wo ẹnu mi. Ṣé ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Báwo ló ṣe wá mọ ibí?"

"Ó tẹ̀ lé mi ni."

"Ẹ ti dáhùn nìyẹn."

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní bẹ́ẹ̀dì kan. Ó mọ ilé mi. Tó bá jáde lọ́sibítù, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ wá."

"A ń kó gbogbo wọn lọ sílé mìíràn lónìí. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀."

Mọ́tò ti dúró síta. Ìyàwó wa yọrí lójú fèrèsé, ọrùn rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní wọlé ni?"

Awakọ̀ tí mo ti ń bu oúnjẹ fún láti ọjọ́ yìí wá ò lè wò mí lójú.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ kọjú sí ògiri. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ rí ibi tí mo bá yà sí."

Mo kọjú sí ògiri.