Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Nimota

Abẹ́rẹ́ wà ní ẹnu Mardiyah, òwú dúdú wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì sì di ìbòrí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀gbọ́n náà kò jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, Mardiyah ì bá ti sọ pé "ẹ má mira," ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Nimotallahi kò gbọ́rọ̀. Ojú ni ó fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, Mardiyah sì nìyí lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ráyè. Ó bá fi orúnkún gbá ẹ̀yìn àga. Nimota rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó dáadáa.

Ibi tí húùkù ẹ̀gbà ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Nimota wà ni Mardiyah ń rán ìbòrí náà bò, kí kámẹ́rà má baà rí i. Tí aago mọ́kànlá bá lù, àwọn mẹ́ta kan máa pe Nimota lórí fídíò láti Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ni wọ́n ti ń pè, adití sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra wọn. Wọ́n ń wá olùkọ́ tí yóò máa ti orí ẹ̀rọ kọ́ àwọn ọmọ tí kò sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wọn. Láti ọdún mẹ́wàá tí Nimota ti ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá wọn lọ́jà Aswani, kò sí iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ tíì fà sí tó èyí. Kò tilẹ̀ jẹun láàárọ̀. Ó ní bí òun bá jẹun, ọwọ́ òun á máa gbọ̀n. Mardiyah sọ fún un pé ebi gan-an ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n.

Àǹtí Tẹ́júọlá, ọ̀gá Mardiyah, ló yọ̀ǹda yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ire-Akari fún wọn. Iná kì í lọ níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ dára, iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fídíò ọjà sì wà nílẹ̀. Ẹ má rò pé àánú nìkan ló ṣe é o. Obìnrin náà láàánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni fírídọ̀mù Mardiyah. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Káàdì ti jáde, ìyá wọn ti pe gbogbo ará Ìsẹ́yìn tó ń gbé Mafoluku, ó sì ti ń kọrin tó bá ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n Àǹtí Tẹ́júọlá ní òfin kan tí kò yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ gba òmìnira gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí ìrànlọ́wọ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ iṣẹ́ náà lórí fídíò tó ṣe pàtàkì sí onítọ̀hún, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà lódidi lórí tábìlì lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí fírídọ̀mù. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé tó ṣáájú Mardiyah wọṣẹ́ tún oṣù mẹ́fà gbáko ṣe nítorí yẹtí kan ṣoṣo tó já. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó pe pásítọ̀ wá. Oṣù mẹ́fà náà ló ṣe.

Ọ̀rọ̀ fídíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lẹ́nu Àǹtí Tẹ́júọlá. "Fídíò ò mọ̀ pé èèyàn ní ìdodo," ni ó máa ń sọ fún wọn. "Láti orí dé àyà ló rí. Ohun tó o bá fẹ́ kí wọ́n rí, gbé e sókè!" Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán, iná á bà á, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì ṣókùnkùn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ á dà bí eruku. Èyí tó bá ń ró, fóònù á gbé ariwo rẹ̀, àwọn tó ń wò ò ní gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ mọ́.

Mardiyah gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ó yan ìlẹ̀kẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò dán, èyí tó bá àwọ̀ dúdú Nimota mu rẹ́gí. Ó tò ó ní ìlà mẹ́ta, ó gbé e sókè láti egungun àyà títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Kí wọ́n má baà máa kan ara wọn ró, ó ta kókó sí àárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ta kókó, títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Lọ́jọ́ tí ó parí rẹ̀, ó gbé e sí etí, ó mì í, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí tábìlì ká.

Bàálù kan kọjá lórí òrùlé nísinsìnyí, ó ń lọ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lọ́nà Mafoluku, gíláàsì fèrèsé sì gbọ̀n. Mardiyah pòṣé. Ó já òwú rẹ̀, ó bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ sọ pé, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òmíràn kọjá tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Kí ni bàálù máa ṣe?"

"Ariwo ni."

Nimota wò ó títí. "Ta ni ó máa gbọ́ ọ?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mardiyah. Adití ni yóò sọ̀rọ̀, adití mẹ́ta ni yóò dáhùn, òun sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta kókó kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà pariwo! Nimota ti rí i lójú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú, Mardiyah náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àǹtí Tẹ́júọlá yọjú láti ìsàlẹ̀, ó ní ṣé àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé àtíkè ojú ẹni tó bá rẹ́rìn-ín báyìí máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ara Mardiyah ò balẹ̀ mọ́. Ó ń rò ó pé kí ni òun tún gbàgbé.

Aago mọ́kànlá lù, ẹ̀rọ tàn, àwọn mẹ́ta yọ lójú rẹ̀. Bàbá méjì ni, pẹ̀lú obìnrin kan tó wọ awò ojú, òun ló jókòó sí àárín. Mardiyah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i, ṣùgbọ́n tí òun lè rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ojú ẹ̀rọ pa pọ̀. Àǹtí Tẹ́júọlá rọra wọlé, ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbọ́ èdè ọwọ́ kankan, ìlẹ̀kẹ̀ ló wá wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, Nimota dára lójú ẹ̀rọ yẹn. Pupa ìlẹ̀kẹ̀ náà gbé ojú rẹ̀ yọ bí ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Àǹtí Tẹ́júọlá fi ọwọ́ gbá Mardiyah léjìká. "O ṣe é!" Ohùn rẹ̀ ò lọ sílẹ̀ rárá. "Ó jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí gan-an. Sọ́ńdè, màá fi yangàn." Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, obìnrin yìí ò tíì sọ irú rẹ̀ fún un rí. Mardiyah fẹ́ pariwo ayọ̀.

Obìnrin tó wọ awò ojú bi Nimota léèrè ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ àti ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọ adití àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé. Nimota dáhùn. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn, ó sì ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó tún un sọ. Nimota tún un sọ. Ọ̀kan nínú bàbá méjèèjì tún ní kí ó tún un sọ.

Ìgbà yẹn ni Mardiyah gbé ojú kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, ó wo ọwọ́.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ni. Nimota tó jẹ́ pé ìyá wọn máa ń gbé ife kúrò nítòsí rẹ̀ tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo apá ni ó fi ń sọ ọ́! Ó wá ń fi ìka sọ̀rọ̀ wínníwínní níwájú ikùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ "èmi," tí ó yẹ kí ọwọ́ lọ kan àyà, ó máa ń dá ọwọ́ dúró ní agbedeméjì. Bí ó bá fẹ́ sọ "inú mi dùn," ó máa ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́. Ó ń yẹra fún ẹ̀gbà náà. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò fẹ́ kí ó yí, kò fẹ́ kí ìlà kankan gun orí ìlà kejì, nítorí ó mọ ohun tí ọjọ́ Àìkú jẹ́ fún àbúrò rẹ̀. Ó ń kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mì nítorí ìlẹ̀kẹ̀.

Mardiyah sún síwájú lórí ìjókòó rẹ̀.

Obìnrin náà béèrè ìbéèrè míràn. "Ẹ sọ fún wa, nílé tiyín, ta ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bá yín sọ̀rọ̀?"

Ọwọ́ Nimota gòkè kíá. Ìka méjì ni ó nà, ó gbé wọn lọ sí kòtò ọ̀fun rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì dí wọn lọ́nà. Ìka náà dúró. Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Orúkọ Mardiyah ni ó fẹ́ pè. Àwọn adití máa ń sọ èèyàn ní orúkọ tí ọwọ́ lè pè, èyí tí Nimota sì sọ àbúrò rẹ̀ nìyẹn: ìka méjì ní kòtò ọ̀fun. Láti ìgbà tí Mardiyah ti gbọ́njú ni ó ti ń jẹ́ ẹ. Kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ó rò pé bí ó ṣe wu ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe pe òun bẹ́ẹ̀.

Nimota bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ orúkọ náà lẹ́tà lẹ́tà, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sínú ìwé. M. A. R. Obìnrin awò ojú fa ojú ro, ó sún mọ́ kámẹ́rà. Kò rí i dáadáa.

Mardiyah dìde. Húùkù kò ṣeé ṣí, ó ti rán ìbòrí bò ó pinpin. Ó wo orí tábìlì iṣẹ́, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Mardiyah, kí lo fẹ́ ṣe?" Àǹtí Tẹ́júọlá di apá rẹ̀ mú. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó wọ inú fídíò. Àwọn mẹ́ta rí orí kan tó ṣàdédé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nimota, ó sì fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Nimota rí àlùmọ́gàjí, ó mi orí pé rárá, rárá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn. Mardiyah rọra ká ọwọ́ náà kúrò. Ìlà kìíní, ìlà kejì, ìlà kẹta. Kókó di ìlẹ̀kẹ̀ mú ṣinṣin, ọ̀kan ò já bọ́, gbogbo rẹ̀ kàn rọ sí i lọ́wọ́ bí ó ti fà á yọ lábẹ́ ìbòrí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé òwú tí wọ́n bá ti ta kókó sí báyìí kò ṣeé so padà. Kókó ti jẹ gbogbo gígùn rẹ̀ tán. Láti orí ìlẹ̀kẹ̀ kìíní ni wọ́n máa tún un bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀.

Nimota tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó yíjú sí ẹ̀rọ, ó fi ìka méjì kan kòtò ọ̀fun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gbogbo apá ni ó fi ń sọ ọ́ báyìí.

"Àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n bí i. Nílé, gbogbo wọn ń ṣí ẹnu, wọ́n ń pa á dé, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn náà ò mọ tèmi. Wọ́n ní mi ò gbọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa gbé ọmọ náà. Tí mo bá ti rẹ́rìn-ín, á na ọwọ́, á fi kàn mí níbí, níbi tó ń gbọ̀n. Tí mo bá dákẹ́, á tún fi kàn mí, pé kí n tún un ṣe. Kò tíì mọ ìrìn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tó bi mí ní nǹkan, tó sì dúró kí n dáhùn."

Obìnrin tó wọ awò ojú kò ní kí ó tún un sọ. Ó gbé ìka méjì sí ọ̀fun tirẹ̀, ó pe orúkọ náà.

Omijé ń dà lójú Mardiyah, kò sì rántí nù ún.

Àǹtí Tẹ́júọlá gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ibi tí ó ti gé e, ó mí kanlẹ̀. "Sọ́ńdè ti bọ́ nìyẹn o."

"Mo mọ̀, mà."

"Màmá yín máa sunkún."

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá náà gbé ẹ̀gbà sórí tábìlì. Ó wo ọwọ́ Nimota tó ń lọ sókè sódò nínú ìmọ́lẹ̀ iná róbótó, ó wo ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó tì í. "Kí ni ó ń sọ tí o fi ń sunkún báyìí?"

"Orúkọ mi ni, mà."

Àǹtí Tẹ́júọlá ń retí kí ó sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n Mardiyah ti yíjú padà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí Nimota kò tíì sọ̀rọ̀ tán, bí òun bá sì wo ibòmíràn, òun ò ní gbọ́.