Owó Ọkọ̀ Ásíìdì

"Ó ku díẹ̀ kó kún," ni Ìyá Ásíìdì wí, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ásíìdì. "Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kán kan ò ní ráyè wọ ibẹ̀ mọ́."

Mánéjà fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Ẹ ṣí fáàfù fún un, kó máa gbé e lọ, ká ríbi mí."

"Níbo ló ń gbé e lọ, sà?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹni tó ní òun á bá èèyàn palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, ṣé a tún máa ń bi í pé àkìtàn wo ló ń lọ?"

Kì í ṣe pé obìnrin náà bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ásíìdì o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ilé-iṣẹ́ náà ta ásíìdì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ fáàfù tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ọkọ̀ wà. Òfin kan ló fi lélẹ̀ tí àwọn mánéjà tó ti ń lọ tó ń bọ̀ kò rí yí padà: kò ní í rọ ásíìdì fún ẹnikẹ́ni, àfi tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí táńkì tí onítọ̀hún fẹ́ dà á sí. Àwọn awakọ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ, tó ní àfi kóun kọ́kọ́ wo yàrá ọkọ.

Bẹ́ẹ̀, sódà lọjà ilé-iṣẹ́ náà, kì í ṣe ásíìdì. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń fi iná mànàmáná là. Sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń wá lójú méjèèjì á gba ibì kan jáde, gáàsì olóró á gba ibòmíì. Gáàsì yẹn kò ṣe é tọ́jú pẹ́, kò sì ṣe é tú sáfẹ́fẹ́, nítorí náà wọ́n ń sun ún, wọ́n ń fi omi gbà á, ó sì ń di ásíìdì. Kò sẹ́ni tó lè ní sódà nìkan lòun fẹ́. Bí sódà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ onírin tó wà nítòsí ṣì ń fi ásíìdì bó ìpẹtà ara irin, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ṣùgbọ́n irin olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ti mú kí onírin ti ilẹ̀kùn. Àsìkò yẹn gan-an ni owó sódà fò sókè. Inú mánéjà dùn, ó ṣèlérí sódà rẹpẹtẹ fún ìyá ọlọ́ṣẹ kan, ní iye tí kò ní yí padà. Ó ta sódà, ó gbàgbé pé òun kò tíì rẹ́ni ra ásíìdì tí yóò bá a jáde.

"Mo fẹ́ lọ wo táńkì rẹ̀ ná, sà."

"Lónìí?"

"Lónìí náà ni."

Mánéjà mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó. Tí èyí bá kún, ẹ̀rọ á dúró. Tí ẹ̀rọ bá dúró, ìyá ọlọ́ṣẹ á lọ ra sódà òkè òkun, kò sì ní wẹ̀yìn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì la máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò gbàgbé pé ọkọ yín wà lára wọn. Ìparí oṣù yìí la fẹ́ sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Mi ò fi halẹ̀ mọ́ yín o, Ìyá Ásíìdì. Bó ṣe rí ni mo ń sọ."

Obìnrin náà kọjú sí géètì.

Ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó fi há abíyá.

"Ìyá wa, wọ́n ní ìwọ lo dá ọkọ̀ dúró."

"Mi ò dá a dúró. Mo fẹ́ bá a lọ ni."

"Bá a lọ síbo? Ṣé ìyàwó ẹ̀ ni ọ́?"

Àwọn tó ń fọwọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbígbẹ̀yìn wa ò tíì máa rìn nígbà tí mo ti ń ṣe kọ́ńtíráàtì níbí. Ara mi ò yá, wọn ò sanwó. Iná lọ, wọn ò sanwó. Ó wá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí n bọ́ nínú ẹ̀. Ṣé láti ọwọ́ ìwọ ló tún máa ti bàjẹ́?"

"Ṣé kí n kàn ṣí i fún un?"

"Mi ò ní kí o ṣe burúkú. Mo ní kí o má fẹsẹ̀ ara ẹ wá a lọ. Ojú tí kò rí ibi, ire ló ń jẹ́."

"Tí ojú tèmi ò bá rí i, ojú ẹlòmíì á rí i, Bàbá wa."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀ padà. "Máa lọ. Orí kunkun ẹ yẹn, ilé bàbá ẹ lo ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí o ti ń lọ, rántí àwọn tó wà nílé."

Kò-sí-wàhálà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un bí ẹni ń ṣí i fún ọba. Ọkùnrin tó sanra ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Kò sí wàhálà."

"Kí lẹ ń fi ásíìdì ọ̀hún ṣe?"

"Nǹkan pọ̀. Àwọn kan ń fi fọ ilé ìwẹ̀, àwọn kan ń fi fọ irin."

"Ta ni wọ́n? Ibo ni ilé-iṣẹ́ wọn wà?"

"Háà, màmá! Ọlọ́pàá gan-an kì í béèrè tó yìí. Ọlọ́pàá tiẹ̀ ní iye tí èèyàn ń fún un tó fi ń dákẹ́."

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n dúró sí, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Táńkì dúdú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Ásíìdì rìn yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Páìpù kan jáde níbẹ̀, ó gba inú koríko lọ. Gbogbo ibi tó gbà, koríko ti kú, ilẹ̀ ti funfun bí ojú aláìsàn, ìdí ògiri tó wà níbẹ̀ sì ti jẹrà bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, àwọn ilé tò. Obìnrin kan ń fami nínú kànga, ó ń bá ẹni tó wà nínú ilé ṣàwàdà, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń gòkè wá.

"Táńkì yìí kì í kún," ni Ìyá Ásíìdì wí.

"Ẹ ṣeun! Ti yín kún, tèmi ò kún. Ẹ ò rí i pé a bára mu?"

"Obìnrin yẹn, ṣé ó mọ̀?"

Kò-sí-wàhálà wo ìsàlẹ̀, ó gbójú kúrò. Ó ní, "Màmá, èmi kọ́ ni mò ń ṣe ásíìdì. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é, tí ẹ ò sì fẹ́ ẹ. Ẹ san owó ọ̀nà jíjìn, màá gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Iye tí mánéjà yín ń san, ibí yìí ló lè gbé e dé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ásíìdì, nítorí pé olè ló sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń padà, ó ń gbé e yẹ̀ wò lọ́kàn.

"Kò ní táńkì, sà," ló sọ bó ṣe wọ ọ́fíìsì. "Páìpù ló ní. Inú kànga àwọn èèyàn ló sì ń lọ."

Mánéjà jókòó pẹ̀lẹ́. "Mo fura."

"Ẹ fura, ẹ wá ní kí n ṣí i?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Onírin kan wà lọ́nà jíjìn tó ṣe tán láti gbà á, ṣùgbọ́n owó tí a máa fi gbé e débẹ̀ ju iye ásíìdì fúnra rẹ̀ lọ. Ta ló ń ṣòwò báyẹn?"

"Ìyẹn tí a bá ní kí ásíìdì san owó ọkọ̀ ara rẹ̀. Kò lè san án láéláé, sà. Sódà ló mú un dání wá, sódà ló gbọ́dọ̀ san án. Ẹ díye lé sódà bí ẹni pé òun nìkan ló ń tinú ẹ̀rọ jáde."

"Mo ti fún ìyá ọlọ́ṣẹ lọ́rọ̀ mi."

"Mi ò ní ṣí i, sà."

Fóònù orí tábìlì dún. Mánéjà gbé e; àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní táńkì ti kún. Ojú Ìyá Ásíìdì ló ń wò. "Ẹ pa ẹ̀rọ," ló wí.

Ariwo tí wọ́n ti ń gbọ́ títí tí etí wọn kò fi kà á sí mọ́, ó rẹlẹ̀, ó sì dákẹ́. Kò pẹ́ ni ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ níta. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o rí táńkì ẹ̀?"

"Kò ní. Kànga ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń fami nínú ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí wọn. "A jẹ́ pé ìparí oṣù ti jìnnà nìyẹn," ló wí. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Ìyá Ásíìdì bu omi mu. Ó fa fóònù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ìyá ọlọ́ṣẹ, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta, kò tọrọ àyè.

"Ẹ kú ọjà, mà. Ilé-iṣẹ́ sódà ni."

"Ìyá Ásíìdì! Ọkọ̀ mi ń bọ̀ lọ́la o." Ohùn ìyá ọlọ́ṣẹ kún inú yàrá.

"Kó má tíì bọ̀, mà. Ẹ̀rọ wa dúró. Ásíìdì tó ń tẹ̀lé sódà yín jáde kò ríbi lọ. Ibi tó máa lọ jìnnà, a ò sì ka owó ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ iye tí a pè fún yín. Àṣìṣe tiwa ni. Ṣùgbọ́n ní iye yẹn, mà, kò lè ṣe é ṣe."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ bí ìbejì, ẹ gbé ọ̀kan fún mi, ẹ tún ní kí n máa bọ́ èkejì? Èmi ni mo lóyún wọn ni? Mánéjà dà? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀ ń pè mí?"

Mánéjà na ọwọ́. Ìyá Ásíìdì gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un pé ọkùnrin náà á tọrọ àforíjì, á ní obìnrin kan ló ń sọ ìsọkúsọ. Lórí àtẹ̀gùn, ọkọ rẹ̀ ti yíjú padà.

"Èmi rèé, mà," ni mánéjà wí. "Bó ṣe wí i gan-an ló rí."

Wọ́n gbọ́ tí ìyá ọlọ́ṣẹ ń wọ́ àga nílẹ̀.

"Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n jókòó ná," ló wí. "Ó yá. Ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa rù nínú owó ọkọ̀ ọ̀hún."